Ó Ń Yí, Kò Jí: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Ọmọ Iṣẹ́ Mẹkáníìkì Sọ Lọ́jọ́ Òmìnira Wọn

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ tó wà níkàlẹ̀, mo júbà yín. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gba òmìnira lónìí, ẹ kú oríire, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àdúrótì. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé ìwé-ẹ̀rí lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ohun tí a sábà máa ń sọ nírú ọjọ́ báyìí ni pé kí ọmọ iṣẹ́ má jalè, kó má purọ́ fún oníbàárà, kó má mutí lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọ̀gá yín ti bá yín sọ ìyẹn. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àìsàn mọ́tò kan ṣoṣo, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti ń rí owó àwọn èèyàn wa tó ń ṣòfò jù: mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí, tí kò jí.

Ẹ jẹ́ kí n fi mọ́tò kan ṣe àpẹẹrẹ. Toyota Corolla ọdún 2005 ni, tokunbo tó ti Amẹ́ríkà wá. Tísà obìnrin kan ló ni ín. Ọkọ̀ tó ń wọ́ mọ́tò ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ èèyàn méjì. Ẹni àkọ́kọ́ ti pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, ó ti ra pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rin tuntun, ó ti ra bátìrì. Ẹnì kejì pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ kan, ohun kékeré tó ń ròyìn ẹ́ńjìnnì fún kọ̀ǹpútà mọ́tò. Nígbà tí mọ́tò ò tún jí, ó ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà náà, ló kú, kí ìyá lọ wá owó rẹ̀. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti ní kí wọ́n kó mọ́tò òun fún òun. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ iye tí ẹ máa gbà. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe é fún mi.”

Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Àyẹ̀wò ló ń béèrè. Ó ti sanwó fún pọ́ǹpù, ó ti sanwó fún pọ́lọ́ọ̀gì, bátìrì àti sẹ́ńsọ̀, ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe àyẹ̀wò fún un. Pààrọ̀-ká-wò-ó ni wọ́n ń ṣe.

Tí oníbàárà bá pè yín láàárọ̀ kùtù tó ní, “Mọ́tò mi ò ṣíná,” ẹ má tíì gbé àpótí sípánà. Ẹ bi í pé, “Nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kí lẹ gbọ́?” Tó bá jẹ́ pé ó kàn dún kọ́, tàbí tí kò tilẹ̀ dún rárá, bátìrì ni, orí bátìrì ni, tàbí kíkísítátà, ẹ̀rọ tó ń kọ́kọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn kọ́ la wá sọ lónìí. Tó bá ní òun gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń yí, tó ń yí, tí kò kàn mú, ẹ tún bi í ní ìbéèrè kejì: “Kí ló ṣẹlẹ̀ sí mọ́tò yìí kẹ́yìn?” Ṣé ó ra epo lálẹ́ àná? Ṣé ó fọ ẹ́ńjìnnì? Ṣé ó gé kọ́kọ́rọ́ tuntun? Ṣé ó ti pẹ́ tó ti gbé e síbì kan? Ṣé ó já sí kòtò? Ẹ má rò pé ìbéèrè kòtò yẹn kò já mọ́ nǹkan. Ọ̀pọ̀ Ford àtijọ́, bí Explorer àti Focus, ní bọ́tìnnì kan tó máa ń ta sókè tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, kó lè pa pọ́ǹpù kí epo má baà máa dà síta nínú jàǹbá. Kòtò ńlá lè ta á. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ padà sísàlẹ̀, mọ́tò á jí. Mo mọ ẹni tó ti ra pọ́ǹpù sí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ ká ṣí bọ́ǹẹ́ẹ̀tì kó tó bi wá pé kí la gbọ́. Ẹ̀yìn bọ́ǹẹ́ẹ̀tì tó wà ní pípadé ló máa ń ní ká dúró sí, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ pé máa ń yí bí ìgbà tí èèyàn mẹ́rin bá yí odó kan ká tí wọ́n ń gúnyán: gbì, gbì, gbì, gbì, sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń lu tirẹ̀, kò sí ẹni tó sáré ju ẹnì kejì lọ. Tí ìlù yẹn bá ń fà, gbììì, gbììì, bátìrì ti rẹ̀ tàbí kíkísítátà ń jẹ iná jù. Tí ọ̀kan nínú ọmọrí odó bá ń já sófo, gbì, gbì, gbì, fẹ̀, sílíńdà kan kò mú afẹ́fẹ́ dáadáa. Tí ìlù bá wá pòórá pátápátá, tó jẹ́ pé fíííí ló kàn ń dún bíi fáànù, tó ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín lọ sí bẹ́líìtì táímìn, èyí tó ń mú kí fáfù, ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ sílíńdà, máa ṣí kó sì máa padé lásìkò. Ó ti já. Fáfù ò ṣí, fáfù ò padé lásìkò mọ́, kò sí afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń tẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ohun tó ń dá kíkísítátà dúró.

Níbi ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì yìí, ẹ mọ mọ́tò tó wà níwájú yín. Camry Big Daddy oní-pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rin, ṣéènì ló ní dípò bẹ́líìtì; oní-pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́fà rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 3.0, bẹ́líìtì. Honda Accord End of Discussion náà, bákan náà ni: mẹ́rin ní ṣéènì, mẹ́fà ní bẹ́líìtì. Camry 2.2 tó jáde ṣáájú ọdún 2002, bẹ́líìtì ni, ṣùgbọ́n tó bá já, fáfù rẹ̀ kì í kan pístìnnì. Ẹ so tuntun, ó tán. Ti Accord ọdún 1998 sí 2002 kò rí bẹ́ẹ̀. Tí bẹ́líìtì tiẹ̀ bá já, fáfù lè tẹ̀. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ sílíńdà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sọ fún oníbàárà pé bẹ́líìtì nìkan ni ìṣòro rẹ̀.

Bátìrì ńkọ́? Ẹ gbé mítà lé e. Bátìrì tó yó tó sinmi máa ń fi nǹkan bí 12.6 fólìtì hàn. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan yí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ máa wo mítà. Tó bá bọ́ sísàlẹ̀ 9.6, kíkísítátà lè ṣì máa fa ẹ́ńjìnnì lọ, ṣùgbọ́n iná tó kù lè má tó brain box àti kọ́ìlì, tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná, láti ṣiṣẹ́. Ó ń yí lóòótọ́, bátìrì náà ló ń dá a dúró. Ìṣẹ́jú méjì nìyẹn gbà mí lórí Corolla ìyá tísà: 12.5, tó bá ń yí, 10.8. Bátìrì tuntun ni, ó dára. Mo bi í ibo ni bátìrì àtijọ́ wà. Ó ní ẹni tó rà á fún òun ti mú un lọ.

Kí ẹ tó yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, kí ẹ dúró, kí ẹ wo dásíbọ́ọ̀dù. Iná “check engine” gbọ́dọ̀ tàn kí ẹ́ńjìnnì tó yí. Inú wa kì í dùn tí a bá rí iná yẹn, ṣùgbọ́n níhìn-ín, ohun rere ni. Tí kò bá tàn, ó ṣeé ṣe kí brain box má rí iná jẹ, kí ẹ lọ wo fíùsì àti rílè kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Fíùsì tó jó kò wọ́n. Ẹ tún wo iná kọ́kọ́rọ́ tàbí “security”. Tó bá ń ṣẹ́jú ṣáá nígbà tí ẹ ń yí i, ó lè jẹ́ pé mọ́tò ò dá kọ́kọ́rọ́ yẹn mọ̀. Ẹni tó gé kọ́kọ́rọ́ lẹ́bàá títì gé irin nìkan. Kò fi ọmọ inú rẹ̀, ìyẹn chip tí mọ́tò ń bá sọ̀rọ̀, sí i. Irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ á yí ẹ́ńjìnnì, mọ́tò á kọ̀ kò ní gba epo tàbí iná.

Ó kù kí á wá sórí epo àti iná pọ́lọ́ọ̀gì, ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ó yẹ ká ti kọjá ohun márùn-ún ká tó débẹ̀.

Imú yín á ràn yín lọ́wọ́. Ẹ yí i fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí kíkísítátà má baà jó, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi. Ẹ lọ sí ẹnu sàlẹ́ńsà. Tí ẹ bá ń gbóòórùn bẹntiróòlù tó ta sọ́nsọ́, epo ń dé, iná ni kò bá a pàdé. Ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì kan, á tutù. Tí sàlẹ́ńsà ò bá rùn, tí pọ́lọ́ọ̀gì gbẹ, epo ni kò dé. Tó bá jẹ́ pé epo ti pọ̀ jù nínú sílíńdà, ẹ tẹ tọ́tù, ohun tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí mọ́tò lè sáré, mọ́lẹ̀ pátápátá kí ẹ tó yí i. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò oní-nósù, brain box á pa nósù, tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, nígbà tó bá rí i pé tọ́tù ṣí gbáà, ẹ́ńjìnnì á fẹ́ epo yẹn jáde.

Ní ti epo fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀, ara mi kì í sì í gbà á kí n yára kọjá níbẹ̀, torí ojú wa ló ṣe. Ní oṣù Kìíní sí oṣù Kejì ọdún 2022, epo tí méténọ́ọ̀lù (irú ọtí kan tí kò ṣeé mu) inú rẹ̀ ju ohun tí òfin Nàìjíríà gbà lọ wọ orílẹ̀-èdè yìí, a sì rí mọ́tò tó dákẹ́ lójú títì. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló tú ẹ́ńjìnnì tí kò ní àrùn kankan lọ́dún náà. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà tí kò tó 200 náírà ní iléepo ìjọba wá fẹ́ẹ̀ di 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn wa ti ń wa mọ́tò lórí E, ibi tí géèjì ti ń sọ pé epo ti fẹ́ tán. Mi ò bá wọn wí, mo mọ ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún wọn: inú táńkì ni pọ́ǹpù wà, epo tó yí i ká ló ń mú ara rẹ̀ tutù. Tí epo bá máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá lójoojúmọ́, pọ́ǹpù á máa gbóná, á sì máa fa ìdọ̀tí ìdí táńkì. Ìdajì táńkì kò ṣeé rà fún gbogbo èèyàn, mo mọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin táńkì sàn ju pọ́ǹpù tuntun lọ.

Omi náà wà níbẹ̀. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ, ìsàlẹ̀ náà sì ni pọ́ǹpù ti ń fa. Ẹni tó ra epo inú kẹ́ẹ̀gì lálẹ́ tí mọ́tò rẹ̀ ò jí láàárọ̀, ẹ fa díẹ̀ nínú epo náà sínú ìgò funfun, ẹ gbé e kalẹ̀ síbi tí kò sí iná. Tí omi bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí ìlà tó pín in sí méjì, bí epo pupa ṣe máa ń léfòó lórí omi ọbẹ̀. Ẹ pe oníbàárà kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, ẹ má fi etí nìkan dájọ́. Ẹ̀rọ tó ń wọn ipá epo wà ní Àràrọ̀mí ní Gate n’Íbàdàn, ó wà ní Ládípọ̀ l’Ékòó. Lórí Corolla tí mo ń sọ yìí, ó yẹ kó fi 44 sí 50 psi hàn. Pọ́ǹpù lè máa dún kí ipá rẹ̀ má tó nǹkan. Pọ́ǹpù tó dára pátápátá sì lè dákẹ́ torí pé ẹnikẹ́ni ò pàṣẹ fún un.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná tó ń jóni. Nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ ẹgbẹ́ mi kan tú róbà epo sílẹ̀ láti wò ó bóyá epo ń wá. Ẹlòmíì ń fi pọ́lọ́ọ̀gì kan orí ẹ́ńjìnnì láti wo iná rẹ̀, nígbà kan náà, lórí mọ́tò kan náà. Wọ́n ní kí ẹni tó wà nínú mọ́tò yí i. Awọ ọwọ́ ọ̀tún ọmọ yẹn kò padà sípò títí dòní. Ẹ má wo iná àti epo pọ̀ láéláé. Ẹ má fọwọ́ di wáyà kọ́ìlì mú torí pé ẹ rí ọ̀gá yín tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má da bẹntiróòlù sẹ́nu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí kí ẹ sì ní kí wọ́n yí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba sípánà lónìí, mo fẹ́ kí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yín pé nígbà tí ẹ̀yin náà bá ń fún ọmọ iṣẹ́ yín lómìnira.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Corolla. Ó ń yí dáadáa, ìlù rẹ̀ pé, kò sí ọmọrí odó tó já sófo. Bátìrì dára. Iná “check engine” tàn, kò sí iná kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣẹ́jú. Sàlẹ́ńsà ò rùn, pọ́lọ́ọ̀gì gbẹ: epo ò dé. Mo wo iná pọ́lọ́ọ̀gì, kò sí iná. Mo wo ẹnu nósù, kò sí àṣẹ tó ń wá síbẹ̀. Pọ́ǹpù ò sì fẹ́ dún.

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Tí ohun kan bá ṣe aláìsí, ẹ wá ohun kan náà. Tí iná, nósù àti pọ́ǹpù bá ṣe aláìsí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Kò rọrùn kí mẹ́ta kú lóru ọjọ́ kan. Ẹ wá ẹni tó ń pàṣẹ fún wọn, kí ẹ sì bi ara yín pé kí lòun náà ń dúró dè kó tó pàṣẹ. Brain box kì í fi iná ránṣẹ́, kì í ṣí nósù, nínú ọ̀pọ̀ Toyota kì í sì í jẹ́ kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́ nìṣó, àfi tí sẹ́ńsọ̀ tó wà nídìí ṣáfúùtù ẹ́ńjìnnì bá sọ fún un pé, “Ẹ́ńjìnnì ti ń yí o.” Tí kò bá gbọ́ ìròyìn yẹn, lójú tiẹ̀, mọ́tò wà ní gbígbé síbi kan. Kí ló wá fẹ́ máa fún pọ́lọ́ọ̀gì níná fún?

Gbogbo mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ojú ibi tí a ń ki sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí brain box ń sọ, bọ̀ lábẹ́ dásíbọ́ọ̀dù. Mo ki tèmi bọ̀ ọ́. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ yí ẹ́ńjìnnì, mo ń wo ibi tí wọ́n kọ RPM sí, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Òdo ni. Ẹ́ńjìnnì ń yí gbìgbìgbì níwájú mi, brain box ní òdo. Kóòdù P0335 wà níbẹ̀, èyí tó jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ ṣáfúùtù. Ẹnì kejì tó ṣe mọ́tò náà ti rí kóòdù yìí, torí sẹ́ńsọ̀ yẹn gan-an ló pààrọ̀. Kóòdù yẹn ò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti bàjẹ́. Ohun tó sọ ni pé ìròyìn sẹ́ńsọ̀ kò dé. Ìyàtọ̀ wà nínú kí oníṣẹ́ kú àti kí ọ̀nà tó ń gbà já.

Sẹ́ńsọ̀ náà kò ní ju wáyà méjì lọ. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n lẹ́nu rẹ̀ gan-an, ó fi nǹkan bí 2,000 ohm hàn: ó wà láàyè. Mo lọ sẹ́nu brain box, mo wọn wáyà méjèèjì kan náà láti ọ̀hún. Mítà ò dáhùn. Láàárín ibi méjèèjì ni ọ̀rọ̀ wà. Mo wá bi ìyá tísà ní ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n ti bi í láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: “Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀ sí mọ́tò yìí kẹ́yìn kó tó kọ̀?” Ó ní kò ṣe nǹkankan, òun kàn gbé e sábẹ́ igi máńgòrò lásìkò ìsinmi ilé-ìwé, òun lọ kí ọmọ òun, òun lo ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo tú téèpù dúdú tó di wáyà pọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ewé gbígbẹ wà níbẹ̀, òwú wà níbẹ̀, èèpo ẹ̀pà wà níbẹ̀. Eku ti gbé níbẹ̀. Ó ti jẹ ara wáyà mẹ́ta, méjì ṣì di ara wọn mú, ẹ̀kẹta já pátá, bàbà orí rẹ̀ ti dúdú. Wáyà sẹ́ńsọ̀ ni. Mo bó ara rẹ̀, mo lo ìwọ̀n ìka kan wáyà tuntun, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, mo wé e, mo sì so ó jìnnà sí ibi tó gbóná. Ọmọ iṣẹ́ yí kọ́kọ́rọ́. Ìyí àkọ́kọ́, kò tíì mú. Ìyí kejì, ó jí, ó sì dúró.

Ìyá náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní pọ́ǹpù àkọ́kọ́ tí wọ́n yọ wà nínú búùtù, òun ló ní kí wọ́n má sọ ọ́ nù. Ó wà nínú láílọ́ọ̀nù, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e. Mo gbé e jáde lọ síbi tí atẹ́gùn wà, ó jìnnà sí mọ́tò, ó jìnnà sí epo, ó ti gbẹ. Mo so ó mọ́ bátìrì fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré. Ó dún, zììì, ó lágbára. Ìyá tísà wò mí. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó dá ìwé ìròyìn náà padà sára rẹ̀, ó wé e dáadáa, ó sì gbé e síjókòó iwájú.